Ìrù Alángbá

Kí wọ́n tó kọ́ mi ní àmì kankan nílé-ìwé,
mo ti bá a lára ògiri ìyá bàbá mi, Ẹfúnlékè:
èédú ló fi ń kọ ọ́, lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá kajú,
ìlà kan fún àpò kan,
ibi tí ìlà bá sì ti ká ìdí bí ìrù alángbá,
àpò yẹn kò kún.
"Ó dín," ni yóò wí. Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ṣábẹ̀ nígbà yẹn, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kọjá.
Olùkọ́ wa, Ṣàbí Ọrẹ́kóyà,
tó ń fi ẹfun há ẹ̀yìn etí bíi káfíńtà,
fa àgbélébùú kékeré kan sójú pátákó.
"Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀," ó ní, "ọ̀rọ̀ ni.
Àwọn akọ̀wé ayé ijọ́un ń fi Látìn kọ *àti*,
*àti*, *àti*, láti òwúrọ̀ dalẹ́,
ọwọ́ ń ro wọ́n, àbẹ́là ń jó lọ,
wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú.
*Àti* rù, ó rù,
ó wá ku egungun méjì tó dábùú ara wọn."

Ti gbòǹgbò, èyí tó dà bí ọkọ́ téèyàn gbé kọ́ èjìká,
ó ní àwọn kan gbà pé lẹ́tà ni,
tí ìrù rẹ̀ gùn títí tó fi di òrùlé lórí nọ́ńbà.
Àwọn mìíràn ò gbà. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á."

Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti ọṣán.
Àwọn ará Íńdíà rí ìlà tó so orí ọrun mọ́ ìdí rẹ̀,
wọ́n pè é ní ọṣán.
Àwọn Lárúbáwá gba orúkọ náà bó ṣe dún sí wọn létí,
wọ́n kọ ọ́ láìsí fáwẹ̀lì, bí ìṣe wọn.
Ẹni tó wá ń tú u sí Látìn bá egungun ọ̀rọ̀ nílẹ̀,
ó fi ẹran ẹlẹ́ran wọ̀ ọ́,
ó kà á sí àyà ẹ̀wù.
Àyà ẹ̀wù náà ló wà dòní
lórí ẹ̀rọ ìṣirò tí ọmọ mi ń tẹ̀.
Ọ̀gá wò wá yíká:
"Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀,
ẹ ó ní ẹ̀ ń fa ọrun,
ẹ ó máa fún ọrùn ọmọ ọlọ́mọ."

Fún dọ́gba-dọ́gba, ó kó wa lọ sí ojú irin.
Oníṣègùn ará òkè òkun kan, ó ní,
ló rẹ̀ láti máa kọ "ó dọ́gba pẹ̀lú" ní gbogbo ìgbà;
ó fa ìlà méjì, ó pè wọ́n ní ìbejì.
A wo irin méjèèjì tó ń lọ sí Paraku.
Táyé ò ṣíwájú, Kẹ́hìndé ò kẹ́yìn.

Lálẹ́, mo bá Ẹfúnlékè ka àpò.
Mẹ́rìndínláàádọ́rin.
Mo tú orúkọ náà bí ẹni ń tú ìdì:
ogún mẹ́rin, ó dín mẹ́wàá, ó tún dín mẹ́rin.
Ìṣirò odindi, láìsí àmì kan,
àfi ẹnu.
Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìlà tó ká ìdí.
Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ká ọmọńdinrín.
"Bí a ṣe ń wí i fún ẹni tó jìnnà nìyẹn,
bí ariwo ọjà bá gba ẹnu wa."
Ó mú èédú, ó ya ìka náà sí ògiri.

Koríko ti ń hù láàárín ìbejì onírin báyìí.
Wọ́n ti rẹ́ ilé náà ní sìmẹ́ǹtì,
ṣùgbọ́n ọwọ́ bíríkìlà kò dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn:
ìlà kan ṣì wà níbẹ̀, ó ká ìdí.
Ọmọ mi bi mí pé kí ni.
Mo ní, "Ó dín."
Ó ní, "Kí ló dín?"